Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Òkè-Ọdàn ṣe méyọ̀ rí ní Ireland?

Ọmọ Yewa: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi kan ló sọ níbi ìsọmọlórúkọ lánàá pé ọmọ Òkè-Ọdàn tiwa níbí ṣe méyọ̀ nílùú òyìnbó, mo ní irọ́ ni, a wá ta tẹ́tẹ́ lé e. Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Dublin: Kì í ṣe irọ́ o. Rotimi Adebari lorúkọ ẹ̀. 2000 ló dé ibí tòun tìyàwó tọmọ, asylum, ìyẹn ààbò fẹ́ni tó sá kúrò nílùú ẹ̀, ni wọ́n tọrọ, nígbà tó fi máa di 2004 ó ti wọ káńsù Portlaoise, kò sì sí lẹ́gbẹ́ òṣèlú kankan. June 2007 ló di méyọ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Ireland. Ní Portlaoise o, ìlú tó jẹ́ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n làwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n 😂

Ọmọ Yewa: Haa, ọdún mẹ́rin péré! Ṣé wọ́n ti fún un ní páálí ọmọ ìlú ni mà?

Ìyá Ìbejì Dublin: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ti ìbò káńsù, wọn ò bi ẹ́ bóyá ọmọ ìlú ni ẹ́, kó o ṣáà ti máa gbé ibẹ̀, o lè dìbò, o sì lè díje, ti ààrẹ àti ilé aṣòfin ló yàtọ̀. Wọn kì í tẹ̀ka bíi tiwa náà, nọ́ńbà lo máa kọ síwájú orúkọ wọn, 1, 2, 3 lọ bẹ́ẹ̀, tẹ́ni tó o fún ní 1 bá já, ìbò ẹ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó o fún ní 2. Ìyẹn ni ẹni tí ò lẹ́gbẹ́ ṣe máa ń rí tiẹ̀ he tó bá ti lè kanlẹ̀kùn dáadáa. Olùdíje kan kanlẹ̀kùn tèmi nínú òjò lọ́jọ́ kan, bàtà ẹ̀ ń ro tótó, ọbẹ̀ mi wà lórí iná, ó ní kí ló ń dùn wá ládùúgbò, mo ní iná títì ni, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi.

Ará Ọ̀tà: Ẹ má gbé e ga jù o. Kánsẹ́lọ̀ mẹ́sàn-án ló ń fi ara wọn jẹ méyọ̀ yẹn, ọdún kan péré ni, ṣéènì ọrùn tí méyọ̀ máa ń wọ̀ àti fọ́tò ló pọ̀ ńbẹ̀. Káńsù ọ̀hún gan-an ò sí mọ́, 2014 ni wọ́n pa gbogbo káńsù ìlú kéékèèké rẹ́.

Ìyá Ìbejì Dublin: Ó dáa, ẹ̀yin náà ẹ gbé ṣéènì yẹn sọ́rùn ọmọ Kánò tó ti ń gbé Ọ̀tà láti ogún ọdún, ká rí i.

Ará Ọ̀tà: 🤐

Ọmọ Yewa: Mo ti jẹ gbèsè nìyẹn. Páálí máàtì kan.