Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ

Ìyá Aláta, Láàgéré, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ilé o. Ẹni tó béèrè lánàá pé kí la fi múra ọmọ sílẹ̀ kó tó wọ jẹ́léósinmi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, bí ojú tiẹ̀ ń tì mí díẹ̀.

Ata ni mò ń tà. Nígbà tí àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mo kó owó àjọ, mo mú un lọ sí iléèwé aládàáni kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àǹtí tó gbà wá kìlọ̀ fún mi: "Màmá, ẹ má sọ Yorùbá sí i mọ́ nílé o, ẹ máa dà á láàmú." Ta ni mo jẹ́ tí n ò ní gbà? JSS 2 ni mo ti fìwé sílẹ̀.

Àṣé Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò ju "come", "sit down", "eat your food" àti "I will beat you" lọ. Bí mo ṣe fi Yorùbá sílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ń bọ̀ láti ọjà, a máa ń kí ewúrẹ́, a máa ń bi ara wa pé ta ló ni wọ́n, kí ni wọ́n jẹ tí ikùn wọn fi tóbi tó báyẹn. Ó wá di pé a ń rìn láti Láàgéré dé Ìrèmọ láì la ẹnu. Ọmọ á máa wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe é. Ọmọ tó ń rojọ́ bí odídẹrẹ́ di ẹni tó ń nawọ́ sí ìkòkò bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú un lọ sí kíláàsì tó kàn, wọ́n bi í pé "What is your name?" Ó wolẹ̀. Wọ́n ní kò tíì tó, kó tún ọdún náà ṣe. Èmi náà tún owó san.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé àbúrò rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ti tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí àwa ìyá dúró. Mo rò pé wàrà ni wọ́n fẹ́ pín. Ìdérí ìgò ló dà sílẹ̀, rẹpẹtẹ, ó ní kí kálukú bá ọmọ ẹ̀ ṣeré. Àwa tí a ti bímọ méjì, mẹ́ta, à ń wojú ara wa! Ó bi mí: "Ìyá Aláta, kí lẹ bá ọmọ yìí sọ láàárọ̀?" Mo ní, "Mo ní kó dákẹ́." Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni mo sọ.

Ó ní wọ́n ti dán irú ẹ̀kọ́ yìí wò ní Kingston, ní Jàmáíkà, ní nǹkan bí 1986. Àwọn ọmọ tí àìjẹunkánú mú kí wọ́n kúrú ni. Òṣìṣẹ́ ìlera á lọ bá ìyá nílé, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan tí ò wúlò mọ́ nínú ilé ṣe ohun ìṣeré. Nígbà tí àwọn ọmọ náà tó ẹni ọdún 22, owó tó ń wọlé fún wọn fi nǹkan bí 25 nínú 100 ju ti àwọn tí wọ́n jọ kúrú tí ẹnì kankan ò lọ bá ìyá wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fún wọn lówó o. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti eré ni.

Mo ní kí wá ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní èyí tó bá dá mi lójú ni kí n fi bá a sọ̀rọ̀.

Bí èyí àbúrò ṣe di ọmọ ìdí ìsọ̀ nìyẹn. Òun ló ń to tòmátò márùn-ún márùn-ún sórí pátákó. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin lọ́jọ́ tí oníbàárà kan ń sanwó lọ́wọ́ tó pariwo pé, "Màmá, mẹ́rin lẹ kó fún wọn o!" Ilẹ̀ ì bá lanu. Mo fi ìkarùn-ún sí i, mo tún fi èènì méjì lé e.

Ọlọ́kadà, Iléṣà

Òjò ló há mi mọ́ ibi irú ìpàdé àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó mi ni mo lọ gbé. Èmi nìkan lọkùnrin. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ṣé mò ń ta ayò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ihò mélòó, ọmọ ayò mélòó? 12, 48. Wọ́n ní ìṣirò ọmọ mi ti wà nílé nìyẹn, èmi ni mò ń lé e kúrò nídìí ọpọ́n. Báyìí, òun ló ń bá wa tò ó sílé mẹ́rin mẹ́rin. Bí ó bá ṣì í, àwọn ọ̀rẹ́ mi á kígbe lé e lórí bí àgbà ẹgbẹ́ wọn.

Bàbá Modákẹ́kẹ́

Ìyá Aláta, ẹni tó ní kí ẹ pa Yorùbá tì ò mọ ìtàn ìlú tó wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko, ní St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́ níbí. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀. Àbúrò mi wà níbẹ̀. Wọn ò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ìròpọ̀ àti àyọkúrò ni àbúrò mi ń pè lójoojúmọ́, àwa tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka ìṣirò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ló wá ń bá wa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Tíṣà jẹ́léósinmi, Ilé-Ifẹ̀

Orúkọ tí a ń pè é yìí, "jẹ́ kí ilé ó sinmi", ló tú àṣírí wa. Ọ̀pọ̀ ń gbé ọmọ wá kí ilé lè sinmi lóòótọ́.

Bí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ mi, ABD kọ́ ni mo ń wá. Ṣé ó lè sọ pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n òun? Ṣé ó lè dúró kí ẹnìkejì mu omi tán? Bí mo bá ní "lọ gbé síléètì, kí o sì jókòó", ṣé ohun méjèèjì ló máa ṣe? Ìyókù, iṣẹ́ tèmi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀ ru àwọn ìyá. Ọmọ 42 ló wà lọ́dọ̀ mi, ẹní méjì ni mo ní. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ka ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké yìí mọ́ èyí tó jẹ́ ti ìjọba. Ìpàdé ìdérí ìgò dára, àmọ́ ebi ò jẹ́ kí ọmọ gbọ́ àlọ́.

Ìyá Aláta, ẹ̀gbọ́n ńkọ́?

Ìyá Aláta, Láàgéré

Ó ti wà ní pírámárì 3, iléèwé ìjọba. Ó ń kàwé dáadáa. A ti ń kí ewúrẹ́ padà, àbúrò ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí àlejò bá bi ẹ̀gbọ́n ní orúkọ ẹ̀, á sọ ọ́ ketekete. Ó ṣì máa ń kọ́kọ́ wolẹ̀ ná.