Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo la ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa tajà àánú l'Ílọrin kí ọdún tó parí?

Alámòójútó_Ìsọ̀
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ara ilé. Ìsọ̀ àánú kékeré kan wà lọ́wọ́ wa nítòsí Ọ̀fà Gárééjì. Àwọn èèyàn ń kó aṣọ, bàtà àti ohun èlò ilé tí wọn ò lò mọ́ wá, à ń tà á ní gbànjo, owó rẹ̀ sì ń lọ sí owó ilé ìwé àwọn ọmọ aláìní. Àwọn 14 ló ń bá wa ṣe é láì gba kọ́bọ̀: ìyá àgbà mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, àgùnbánirọ̀ méjì, oníṣòwò mẹ́rin tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. ₦85,000 ló wà nílẹ̀. Kí la lè ṣe, ọjọ́ wo ló sì dára jù?

Ọmọ_Ọ̀fà
Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Láti 1985 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya 5 oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọjọ́ náà gan-an, àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn dára, torí àwọn èèyàn ò tíì máa wọkọ̀ lọ sílé ọdún. Tó bá fi di ogúnjọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ti tú ká.

Ẹ yẹra fún Mọ́ńdè àti Tọ́sìdé: àwọn Mùsùlùmí kan máa ń gba ààwẹ̀ nọ́fílà lọ́jọ́ méjèèjì, kò sì dáa kí ìyá àgbà jókòó máa wo àwo ẹlòmíì. Fúráìdè, ti Jímọ̀ ni. Sátidé oṣù Kejìlá, òde ìyàwó ti gbà á tán. Túsìdé tàbí Wẹ́sìdé ni mo mú, bí wọ́n bá ti kí Àlàásárì tán, kí ẹ sì túká kí Mọ̀gàríbì tó kàn.

Àfáà_Onísírò
Ẹ dúró ná. Níbo ni ₦85,000 ti wá? Bó bá jẹ́ owó ọjà tí ẹ tà ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó kó aṣọ wá nítorí ọmọ aláìní kò kó o wá kí ẹ fi se ìrẹsì. Bó bá ní sàká nínú, tìyẹn tún le jù: ọ̀wọ́ èèyàn mẹ́jọ ni Kùránì kà sí i (súrà 9, ẹsẹ̀ 60), àsè ìparí ọdún ò sì sí lára wọn.

Ọjà inú ìsọ̀ ńkọ́? Ẹ má mú un fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Lónìí ẹ fún lágbájá ní bàtà, lọ́la tàmẹ̀dù á mú tirẹ̀ láì sọ, tí ẹ bá bi í, á ní ṣebí ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Alámòójútó_Ìsọ̀
Àfáà, ẹ ṣeun. Àwa ìgbìmọ̀ márùn-ún la dá a láti àpò ara wa.

Àfáà_Onísírò
Ó tán. Ẹ sáà ṣí ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò, ẹni tó dá a, iye tó dá, ohun tí ẹ rà, kó má pàdé owó àwọn ọmọ.

Ìyá_Ìdáná
Oúnjẹ kò gbọdọ̀ gbé owó yẹn jẹ. Àwọn 14, ẹ̀yin márùn-ún, àlejò kan: ogún èèyàn. Kọ́ńgò ìrẹsì méjì, wàrà dídín, zóbò. Ó tó.

Zóbò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ọ̀pọ̀ ló ń bà á jẹ́. Ìṣápá pupa gbígbẹ 400 gíráàmù, omi lítà 12. Ìṣápá á fa omi, iná náà á gbẹ díẹ̀, ohun tó kù á súnmọ́ lítà 10, ìyẹn ogún ìgò 50cl. Ẹ fi omi tútù ṣan ìṣápá lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kí iyanrìn lè jáde; tí ẹ bá rẹ ẹ́ pẹ́, ẹ ti da adùn rẹ̀ nù nìyẹn. Atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò mẹ́ta, kànáfùrù díẹ̀, èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí ẹ fọ̀ dáadáa. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí iná, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, kíkan ìṣápá máa ń jẹ ẹ́. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ rọra da ti òkè, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi ṣúgà sí i, kí olúkúlùkù bu tirẹ̀. Tó bá sun ìta láìsí fíríìjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Òtútù ọyẹ́ kì í ṣe fíríìjì o. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pé zóbò ni, torí òun náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Wàrà: àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, kó wà nínú omi rẹ̀ títí ẹ ó fi dín in. Ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ pa á lára, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró á ta sí yín lójú. Òróró tí kò gbóná tó, ńṣe ni wàrà máa ń mu ún.

Ahunṣọ
Fìlà òfì fún ọkùnrin, pọ́ọ̀sì òfì fún obìnrin. Ìlọrin ni ẹ wà, kí lẹ tún ń wá?

Kẹ̀kẹ́_Tanke
Owó yẹn ò ká a. ₦85,000 pín sí 14, díẹ̀ lé ní ₦6,000 lórí ẹnì kan, oúnjẹ ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ náà, iṣẹ́ ìyàwó ti dí wọn lọ́wọ́.

Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń ni wọ́n lára níbi iṣẹ́. Ṣé àga wà fún ìyá tó ń ya aṣọ? Ìbòmú ńkọ́, tí eruku òkìrìkà bá dìde? Àwọn tó ń wọ kẹ̀kẹ́ wá látọdún, ẹ dá owó ọkọ̀ wọn padà, àmọ́ ẹ má pè é lẹ́bùn. Gbèsè ni. Ẹ san án lọ́jọ́ mìíràn, nínú owó mìíràn.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Fún akẹ́kọ̀ọ́ àti àgùnbánirọ̀, ìwé ju ìrẹsì lọ. Kí orúkọ rí bó ṣe wà lórí sàtífíkéètì wọn. Kí oṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, iye wákàtí lọ́sẹ̀, iṣẹ́ náà gan-an: "ó ń ya aṣọ sọ́tọ̀, ó ń lẹ iye owó mọ́ ọn, ó ń ka owó àpótí nírọ̀lẹ́." Nọ́ńbà ẹni tí agbanisíṣẹ́ lè pè, ìbuwọ́lùwé, òǹtẹ̀, déètì. "Ọmọlúàbí ni" nìkan kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Ẹ mọ iná ìlú wa.

Àṣàkẹ́
Ìyá àgbà mẹ́ta yẹn ò nílò ìwé kankan. Ẹ wádìí oríkì wọn sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì sì kì wọ́n. Ẹni tó ń wo fóònù kì í kini, ìwé ló ń kà. Kí ẹ má sì gbàgbé irú ìlú tí Ìlọrin jẹ́: ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ Fúlàní, Gàmbàrí, Tápà tàbí Bàrùbá lè máà ní Àlàó tàbí Àbẹ̀kẹ́. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń yìn ín nílé, ẹ má fún un ní ti ẹlòmíì.

Àwọn 14, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sí páálí kan, ohun tí kálukú ṣe sì tẹ̀ lé e. "Ẹ ṣeun fún gbogbo nǹkan" kò tó. "Òun ló ń gbé aṣọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ já lọ sílé lọ rán" ni wọ́n á máa rántí. Bí ẹ ò bá rí ohun tí ẹ máa kọ síwájú ẹnì kan, ẹ lọ bi ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ará_Ọjà_Ọba
Ẹ̀bùn àmúlọlé: òrí. Ọyẹ́ ti ń bọ̀, aṣọ yíyà sì ti gbẹ ọwọ́ wọn. Kìló mẹ́ta á kún ìgò 200 gíráàmù 14, díẹ̀ á ṣẹ́kù.

Ẹ má gbé e ka iná tààrà. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná kó yọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbé abọ́ náà sínú omi tútù, ẹ máa rò ó títí á fi ki bí ògì, ẹ dà á sí ìgò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, á dì ní kókó-kókó bíi gààrí. Kò bàjẹ́, àmọ́ ẹni tó bá fi para á rò pé iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Kí ìgò gbẹ táútáú. Omi ló ń mú kó bu.

Alámòójútó_Ìsọ̀
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: Wẹ́sìdé, òrí, ìwé, páálí. Ìyá Ìdáná, bí mo bá fi mọ́ínmọ́ín kún un, ṣé ìrẹsì náà ṣì jẹ́ kọ́ńgò méjì?

Ìyá_Ìdáná
Rárá o, ẹ dín in kù sí kọ́ńgò kan àtààbọ̀. Kí ẹ sì ra ike onídèérí sílẹ̀, torí àwọn ìyá yẹn ò ní jẹ tiwọn tán níbẹ̀, ọmọ-ọmọ wà nílé.