Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé "in", "on" àti "at" fún àwọn ará Látfíà?

Ọmọ Ìbàdàn ní Riga:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ilé ẹ̀kọ́ ló gbé mi wá sí Riga níbí, ṣùgbọ́n àwọn ará ibí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n máa wá bá wọn sọ òyìnbó lẹ́yìn iṣẹ́, owó díẹ̀díẹ̀ náà sì ń wọlé. Òyìnbó yé wọn dáadáa o, kí n má parọ́, àmọ́ tó bá ti kan ọ̀rọ̀ atọ́kùn, gbogbo ẹ̀ á dàrú. "In Monday". "I wait you". "It depends from the weather". Mo bá wọn tún un ṣe títí, tá a bá tún pàdé wọ́n á tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ "on", mi ò ní èsì ju pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Àti àkànlò èdè náà.

Tíṣà Àgbà:
Àbúrò, o káre. Má fún wọn ní ìwé tó to ọ̀rọ̀ atọ́kùn sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ, wọ́n á há a sórí wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀. Èdè tiwọn ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ará Látfíà bá fẹ́ sọ ibi tí nǹkan wà tàbí ìgbà tó ṣẹlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í wá ọ̀rọ̀ atọ́kùn kankan, ìparí ọ̀rọ̀ ló máa ń yí padà. Rīga ni ìlú, Rīgā ni pé o wà níbẹ̀. Darbs ni iṣẹ́, darbā ni pé o wà níbi iṣẹ́. Maijā ni pé ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún, piecos ni pé ó ṣẹlẹ̀ ní aago márùn-ún. Lokatīvs ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan nínú ìsọ̀rí méje tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní gírámà nílé ìwé. Wá wo òyìnbó: "in Riga", "at work", "in May", "at five". Nǹkan kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wọn ni òyìnbó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé "ní" tiwa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn láìṣàárẹ̀, torí náà ohun tó ń dà wọ́n láàmú ò ṣàjèjì sí ẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kó o tẹ̀ mọ́ gan-an ni àwọn ọ̀rọ̀ wọn tí òyìnbó là sí méjì. Mú "beigās". "At the end" àti "in the end", beigās ni méjèèjì. Sọ fún wọn pé "at the end" gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó ń parí, fíìmù, oṣù, òpópónà, "at the end of March". "In the end" ni tiwa tá à ń pè ní nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, lẹ́yìn tá a ti fà á síbí fà á sọ́hùn-ún. "Laikā" náà bẹ́ẹ̀, òun ni "on time", òun náà ni "in time". Tí tíréènì bá dé ní aago tí wọ́n kọ sí ìwé, "on time" nìyẹn. Tó o bá sáré dé kó tó ṣí, "in time" nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni "līdz". "Līdz piektdienai", ó lè jẹ́ "by Friday", ó lè jẹ́ "until Friday", ẹni tó ń sọ ọ́ ò sì rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn: ṣé nǹkan ọ̀hún ń lọ lọ́wọ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣẹlẹ̀? Tó bá ń lọ lọ́wọ́, "until": "I'm in Jūrmala until Sunday". Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, "by": "I'll be back by Sunday".

Ìyá Ìbejì, Dublin:
Bọ̀dá, ẹ ṣé gan-an ni o, ọ̀rọ̀ līdz yẹn bá mi lára mu. Àwọn ará Látfíà pọ̀ níbi iṣẹ́ wa, láti 2004 tí wọ́n wọ EU ni Ireland ti gbà wọ́n láyè láti wá ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á sọ fún mi pé "I will finish until Friday", tí èèyàn ò bá fara balẹ̀ á rò pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ ọ̀hún gbafẹ́ títí Friday ni. Èmi ò bá wọn jiyàn mọ́, ọjọ́ pẹ̀lú aago ni mo ń kọ sára bọ́ọ̀dù.

Ẹ tún bá mi fi ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún un. "In the second floor" ni wọ́n máa ń wí, torí otrajā stāvā náà lokatīvs ni, "on" ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan o! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, èyí tí wọ́n ń pè ní second, first floor ni lọ́dọ̀ tiwa níbí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù lọ sílé ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ tètè béèrè.

Ọmọ Ìbàdàn ní Riga:
Háà, otrajā stāvā, èmi gan-an ti gun àtẹ̀gùn yẹn rí lásán 😂 Ẹ ṣé mà. Ẹ̀gbọ́n, "I wait you" ńkọ́ sà?

Tíṣà Àgbà:
Ìyẹn ò le. Gaidīt, klausīties, meklēt, ìyẹn dídúró de èèyàn, gbígbọ́ orin, wíwá nǹkan, kò sí èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ atọ́kùn nínú wọn. Òyìnbó ló ní "wait for", "listen to", "look for". Jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan. "Depends from" ní tiẹ̀, "atkarīgs no" ló wà níbẹ̀, "no" sì ni "from" lọ́kàn wọn. "No" yìí kan náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé "afraid from dogs".

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti "go out", "give back", "drink up". Àwọn tíṣà kan á ní ó ṣòro, mi ò gbà. Iet ni lílọ. Ieiet, go in. Iziet, go out. Aiziet, go away. Dot ni kéèyàn fúnni ní nǹkan, atdot, give back. Ohun tí wọ́n ń so mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe ni òyìnbó ń jù sẹ́yìn, ó tán. Tí wọ́n bá ní òkè wo ló wà nínú "drink up", ní kí wọ́n rántí izdzert, kéèyàn mu nǹkan tán pátápátá. "Up" ibẹ̀ kò júwe òkè, "tán" ló ń sọ.

Àjàlá, Leeds:
Àkànlò èdè ló kù, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ́ wọn ní "raining cats and dogs", mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Leeds níbí, bẹ́ẹ̀ òjò ò dá. Èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ fún wọn, kẹ́ ẹ sì wá ìkejì ẹ̀ nínú èdè wọn, ẹ má túmọ̀ ẹ̀. "Out of the blue", wọ́n ní kā zibens no skaidrām debesīm, mànàmáná láti ojú ọ̀run tó mọ́. "Fingers crossed", àtàǹpàkò làwọn ń dì mú, turēt īkšķus. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n tí ò fẹ́ sọjú abẹ níkòó, "beating about the bush", wọ́n ní ológbò tó ń yí àsáró gbígbóná po ni, kā kaķis ap karstu putru. "Up in the air" ò tiẹ̀ ní wàhálà, karājas gaisā, afẹ́fẹ́ náà ló so rọ̀ sí lọ́dọ̀ tiwọn. "Under the weather", ìyẹn kí ara èèyàn má yá, ni wọn ò ní mọ̀, wọ́n á rò pé òjò pa onítọ̀hún.

Ọmọ Ìbàdàn ní Riga:
Ẹ ò ní rí ìjà o. Ìkẹyìn: "ar autobusu" ni wọ́n ń sọ, wọ́n wá ń sọ pé "I go with bus". Mo ti ní "by bus" ni. Ẹnì kan wá ní kí ló dé tó jẹ́ "on the bus" àmọ́ "in the car"?

Tíṣà Àgbà:
Èyí tó o lè dìde rìn nínú ẹ̀, "on": bus, tram, train, plane. Èyí tó jẹ́ pé o ní láti tẹ orí ba kó o tó wọlé, "in": car, taxi.

Ìyá Ìbejì, Dublin:
Ọ̀kadà ńkọ́?

Tíṣà Àgbà:
Orí ẹ̀ lẹ máa jókòó sí mà, "on" náà ni.