Mo ti dé láti Osaka ní Japan: àbọ̀ ìbéèrè mi

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo béèrè àdúgbò tó lárinrin ní Osaka, tí àlejò ò kún bíi ti àdúgbò Dotonbori níbẹ̀. Ẹ ní Tenjinbashisuji, mo sì lọ. Ọjà abẹ́ òrùlé ni, ó gùn tó kìlómítà 2.6! Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tenjinbashisuji Rokuchome ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé ìtòsí ojúbọ Osaka Tenmangu. Àwọn ìyá àgbà ń gun kẹ̀kẹ́ wá ra ewébẹ̀. Mo ra pòtétò gígún tí wọ́n yí ní búrẹ́dì rírún kí wọ́n tó dín in. Ó gbóná fẹlifẹli nínú bébà. Ẹ lọ bá ọdún Tenjin, ọdún ojúbọ náà, níbẹ̀ ní ọjọ́ 24 àti 25 oṣù Keje. Mo ti rí ìdáhùn, mo pa ìbéèrè yìí dé.