Ìmọ̀ràn: gígun kẹ̀kẹ́ gba ojú ọ̀nà Dempster, láti Dawson City dé Tuktoyaktuk

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́Leeds:
Ẹ kú ilé o. Èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba Dempster ní àríwá Kánádà lọ́dún tó ń bọ̀: láti Dawson City ní Yukon dé Inuvik, ká sì tẹ̀síwájú dé Tuktoyaktuk létí òkun Arctic. Ìparí oṣù kẹjọ la ní lọ́kàn. Òkè àti ẹrù ò ṣàjèjì sí wa, àmọ́ ibi tí kò sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́fà, a ò tíì débẹ̀ rí. Táyà 45 mm àti bíréèkì dísíìkì oníwáyà ló wà lára kẹ̀kẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé táyà yẹn tó? Oúnjẹ ọjọ́ mélòó la máa rù? Níbo lomi ti ń ṣòro? Báwo la ṣe máa ṣe ti béárì? Ṣé àkókò yẹn sì dára?

Ẹ̀gbọ́nYukon:
Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀nà náà sílẹ̀, torí òun ló máa sọ ìwọ̀n ẹrù yín. Oríta tí Dempster ti bẹ̀rẹ̀ fi nǹkan bíi kìlómítà 40 jìn sí Dawson. Láti oríta yẹn ni wọ́n ti ń ka òpó kìlómítà: ọgbà Tombstone wà ní 71, ibùdó àgọ́ Engineer Creek ní 194, Eagle Plains ní 369, ìlà Arctic Circle ní 405, ibùdó àgọ́ Rock River ní 446, ààlà Yukon àti Northwest Territories ní 465. Ní ààlà yẹn, òpó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó sì máa ń da ìṣirò rú: odò Peel wà ní 74, Fort McPherson ní 86, odò Mackenzie ní 142, Inuvik ní 272. Láti Inuvik dé Tuktoyaktuk jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 138. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣí apá yẹn; kó tó dìgbà náà, orí yìnyín ni mọ́tò ń gbà débẹ̀, nígbà òtútù nìkan.

Láti Dawson dé Eagle Plains, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ń ta ohunkóhun. Eagle Plains ní òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, epo àti ibi tí èèyàn lè ti wẹ̀. Kìlómítà 60 sí 70 lójúmọ́ ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe iye tí ẹ ń gùn lórí títì ọlọ́dà. Ọjọ́ mẹ́fà sí méje nìyẹn, nítorí náà ẹ gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹni kan máa ń jẹ tó gíráàmù 800 sí 900 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́: ọ́ọ̀tì, nudú, ẹ̀pà, wàrà oníyẹ̀fun, ẹran gbígbẹ, kí ẹ sì bu òróró sí ohun tí ẹ bá sè, torí òróró díẹ̀ lágbára ju ìrẹsì púpọ̀ lọ. Whitehorse, olú ìlú Yukon, ni kí ẹ ti rà á. Ṣọ́ọ̀bù Dawson kéré, ọjà rẹ̀ sì gbówó lórí.

Ní ti àkókò, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, ẹ má dúró de ìparí rẹ̀. Ẹ̀fọn á ti dínkù gan-an (oṣù kẹfà àti ìkeje ni wọ́n ń bo èèyàn bí aṣọ), ewéko orí òkè á sì ti ń pọ́n. Àmọ́ nígbà tí oṣù bá ń parí lọ, omi á máa dì lóru, yìnyín sì lè já bọ́ sórí Tombstone àti àwọn òkè Richardson. Àpò ìsùn tó lè gba òtútù dé −7°C ni kí ẹ mú.

BàbáSípánà:
Táyà 45 yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí fóókì yín bá gba 54, èyí tí wọ́n máa ń kọ 2.1 sí lára, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì nípọn. Òkúta tó wà lójú ọ̀nà níbi tí ẹ ti ń sún mọ́ Eagle Plains kì í ṣe òkúta odò tó rí roboto. Ó pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kì í gún táyà bí ìṣó, ẹ̀gbẹ́ táyà ló máa ń là. Nítorí náà, ohun tí ẹ fi ń lẹ tíúbù nìkan ò lè tó. Ẹ gé ara táyà àtijọ́ ní ìka mẹ́ta gígùn, ìka méjì fífẹ̀, kí ẹ kó mẹ́ta irú rẹ̀ dání. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ya, àárín táyà àti tíúbù ni kí ẹ kì í sí, kí tíúbù má baà yọ lójú ihò. Fún ẹ̀yin méjèèjì: táyà kan tó ṣeé ká, tíúbù mẹ́rin, pọ́ọ̀mpù méjì.

Àmọ́ òkúta kọ́ ni ọ̀tá gan-an, ẹrẹ̀ ni. Wọ́n máa ń da calcium chloride sójú ọ̀nà kí eruku má baà gbé. Iyọ̀ ni, ó sì máa ń fa omi mọ́ra. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ó ń mú kí ilẹ̀ le bíi simẹ́ǹtì, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Kí òjò rọ̀ fún wákàtí kan péré, ojú ọ̀nà á máa yọ̀ bí ọṣẹ, ẹrẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ táyà bí àmàlà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọ orógùn. Ó kọ́kọ́ máa kún àlàfo abẹ́ fóókì, táyà á máa dún bí ẹni ń ya aṣọ, lẹ́yìn náà ó dúró gbọn-in. Ẹni tó bá ṣì ń fi agbára tẹ pẹ́dáàlì nígbà yẹn, ṣéènì á fa apá gíà ẹ̀yìn wọnú sípóòkì, irin kékeré tí wọ́n fi so gíà mọ́ férémù á tẹ̀ tàbí kó kán. Irin yẹn kì í bára dọ́gba láti kẹ̀kẹ́ sí kẹ̀kẹ́, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan dání fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ yọ màdígáàdì sílẹ̀ nílé. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi igi pẹlẹbẹ họ ẹrẹ̀ kúrò kó tó gbẹ, ẹ da omi sí ṣéènì àti gíà, ẹ tún òróró sí i. Bí òjò ò bá dá, ẹ pàgọ́. Kìlómítà mẹ́wàá tí ẹ máa fi tipátipá gùn nínú ẹrẹ̀ yẹn lè ná yín ní gíà tí ẹ máa fi gun èyí tó kù.

Bíréèkì oníwáyà dára, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Páàdì onírin ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì kó méjì-méjì àfikún fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí iyanrìn inú ẹrẹ̀ máa ń jẹ páàdì rírọ̀ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù búlúù sí ojú gbogbo nọ́ọ̀tì tó di àgbérù mú, kí ẹ sì máa fọwọ́ kàn wọ́n ní alaalẹ́. Gbígbọ̀n ọ̀nà yẹn máa ń tú wọn.

AtúnṣeRímù:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá lórí ẹrẹ̀, àmọ́ èrò mi yàtọ̀ lórí tíúbù. Bí rímù yín bá gbà á, ẹ lo táyà aláìnítíúbù, kí ẹ da mílílítà 100 oje tó ń dí ihò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé 120 mìíràn dání. Ẹ lè dín afẹ́fẹ́ kù dé 30 psi níwájú, 35 lẹ́yìn, táyà á máa gba òkúta mọ́ra dípò kó máa kọlù ú. Tíúbù ò lè gba irú ìdínkù bẹ́ẹ̀, etí rímù á lu ún ní ihò méjì. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kó tíúbù dání fún ọjọ́ tí ẹ̀gbẹ́ bá ya. Sípóòkì 36 sàn fún rímù ẹ̀yìn ju 28 lọ. Ẹ fi téèpù so sípóòkì àfikún mẹ́ta-mẹ́ta ti gígùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ara férémù.

BàbáSípánà:
Bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to táyà aláìnítíúbù sójú rímù rí, kó má lọ kọ́ ọ lórí Dempster.

OmiTútù:
Omi ò wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, odò North Klondike, Blackstone àti Ogilvie wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ibi méjì ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Àkọ́kọ́ ni Engineer Creek: omi rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà, imí-ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀. Asẹ́ ò lè yọ ohun tó ti yòrò sínú omi, nítorí náà ẹ má bù ú. Ẹ dúró kí ẹ dé odò Ogilvie, ìtòsí ibùdó àgọ́ náà ni.

Èkejì ló le jù. Ní nǹkan bíi òpó 245, ọ̀nà fi odò Ogilvie sílẹ̀ ó sì gun òkè. Láti ibẹ̀ dé Eagle Plains, orí gegele ni ọ̀nà wà, odò jìnnà sísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kìlómítà 120 ni. Ẹ pọn omi kúnkún kí ẹ tó gun òkè yẹn: lítà mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tí ẹ bá máa sùn sójú ọ̀nà lóru kan. Bí omi òjò bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ má mu ún, iyọ̀ tí wọ́n dà sójú ọ̀nà ti ṣàn sínú rẹ̀.

Omi Peel àti Mackenzie dúdú fún ẹrọ̀fọ̀, á dí asẹ́ yín láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ bù ú sínú àpò lálẹ́, kó tòrò di àárọ̀, kí ẹ wá rọra da òkè rẹ̀ sínú asẹ́. Ohun kan tó kù: asẹ́ tí omi bá dì sínú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ní fi hàn lójú. Inú àpò ìsùn ni kó máa bá yín sùn.

ÌyáÀgọ́:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ béárì ṣe yẹpẹrẹ, ẹ má sì jẹ́ kó gba oorun lójú yín. Kẹ̀kẹ́ kì í pariwo, ó sì yára. Ohun tó ń fa wàhálà ni pé èèyàn á já lu béárì lójijì níbi kọ́nà tàbí nínú igbó kékeré létí odò. Ẹ máa pariwo níbẹ̀, ẹ máa pe ara yín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní agolo ata tí wọ́n ń fún sí béárì lójú, kó sì wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí nídìí ẹni. Èyí tó bá wà nínú àpò ẹ̀yìn ò wúlò. Ẹ dúró kó sún mọ́ tó mítà mẹ́jọ, ẹ fún un fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, kí ìkùukùu ata wà láàárín yín. Ẹ kíyè sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Béárì tó ń gbèjà ọmọ tàbí oúnjẹ rẹ̀ tó sì ti gbá èèyàn mú, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fọwọ́ bo ọrùn. Èyí tó bá ń tọ yín lẹ́yìn jẹ́jẹ́ tàbí tó wọ àgọ́ wá, ẹ bá a jà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Ní ọ̀pọ̀ ibi kò sí igi tó ga tó láti fi oúnjẹ kọ́, ike líle tí béárì ò lè ṣí ni kí ẹ kó o sí. Ọṣẹ àti ìpara eyín wà lára oúnjẹ. Ohun tó dára jù ni kí ẹ se oúnjẹ alẹ́, kí ẹ jẹun, kí ẹ wá gun kìlómítà márùn-ún sí i kí ẹ tó pàgọ́.

Ibi tí ẹ máa sùn: ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀nà kún fún omi àti gegele koríko. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dì láti ayébáyé, omi ò lè rì. Nítorí rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kó taraa, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́, jọ nípọn kí wọ́n tó la ọ̀nà sórí rẹ̀, kí ooru má baà yọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ wá kòtò tí wọ́n ti wa taraa, ibẹ̀ gbẹ ó sì tẹ́jú. Èèkàn ò ní wọlẹ̀, òkúta ni kí ẹ fi di okùn àgọ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti fẹ̀ lójijì, ẹ má pàgọ́ síbẹ̀, bàálù máa ń balẹ̀ níbẹ̀ nígbà pàjáwìrì.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́Leeds:
Ẹ ṣé, ẹ kú àdúrótì o. Ó ku mẹ́ta. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni àbúrò mi ń lò, ti Britain ni tèmi. Ṣé iPhone mi tó ń pe sátẹ́láìtì tó fún ìrànlọ́wọ́? Bí fẹ́rì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò Peel, ò bá sì ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́nYukon:
Àbúrò yín gbọ́dọ̀ gba físà Kánádà, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ní tiyín, eTA, ìwé àṣẹ ìrìnnà tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti tó.

Fóònù ò tó. Apple fúnra wọn sọ pé ìpè pàjáwìrì sátẹ́láìtì iPhone lè má ṣiṣẹ́ lókè ìlà ìbú 62 lápá àríwá, Dawson sì ti wà ní 64. Ẹ mú ẹ̀rọ tó ń lo sátẹ́láìtì Iridium, bíi inReach, torí ìwọ̀nyẹn kárí dé òpin ayé lápá àríwá. Ẹ so ó mọ́ ara, kì í ṣe mọ́ kẹ̀kẹ́.

Wọn kì í gba agolo ata àti gáàsì ìdáná sínú bàálù. Ẹ rà wọ́n ní Whitehorse, kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Dawson. Ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní Inuvik kí ẹ tó wọ bàálù padà.

Fẹ́rì Peel àti ti Mackenzie kì í gba owó, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ bí òjò orí òkè bá mú kí odò kún, wọ́n á dá a dúró, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ má kúrò ní Eagle Plains láìyẹ ìròyìn ojú ọ̀nà wò, kí ẹ sì gbé oúnjẹ ọjọ́ méjì lé iye tí ẹ máa jẹ dé Fort McPherson. Ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà, ẹ béèrè nípa afẹ́fẹ́: láàárín Arctic Circle àti ààlà, ó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ débi tó ń bi mọ́tò ńlá ṣubú. Bí wọ́n bá ní ó le, ẹ sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.