Kẹ́míkà àìjẹrà àbí kẹ́míkà ayérayé?

Ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tá à ń wá fún ìwé nípa omi, ẹ ní ká máa pe PFAS, àwọn kẹ́míkà àtọwọ́dá tí òyìnbó ń pè ní "forever chemicals", ní "kẹ́míkà ayérayé", èmi ò fara mọ́ ọn jàre. Ayérayé ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá mi bá gbọ́ ọ á ṣàmín. Kábọ́ọ̀nù àti fúlórínì inú ẹ̀ ló so mọ́ra jù, oòrùn ò tú u, kòkòrò inú ilẹ̀ ò rí i jẹ, kì í jẹrà. Kẹ́míkà àìjẹrà ti tó.

"Ìdọ̀tí" tí Bọ̀ọ̀dá wa lò fún ohun tí wọ́n bá nínú omi Hoosick Falls, ní ìpínlẹ̀ New York, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìdọ̀tí kẹ̀? Omi tó mọ́ gaara, tí ò rùn! Jẹjẹrẹ inú kíndìnrín ló pa bàbá Michael Hickey tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń lo irú kẹ́míkà yìí níbẹ̀, ọmọ fura, ló bá gbọn omi ẹ̀rọ ilé ara ẹ̀ ní 2014 ó fi ránṣẹ́ sí láàbù, wọ́n bá PFOA, ọ̀kan nínú àwọn PFAS, níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pe irú ìyẹn ní ìdọ̀tí, àwọn èèyàn wa á ju álọ́ọ̀mù sí i ni, tàbí kí wọ́n gbé e kaná, bẹ́ẹ̀ sì rèé tó bá hó, omi ló ń dín kù, kẹ́míkà ò kúrò. Èédú tí wọ́n dìídì ṣe fún sísẹ́ omi ló ń gbà á mú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹ̀gbin tójú ò rí", ó gùn àmọ́ kì í ṣi èèyàn lọ́nà.

Ti "májèlé" tí Àǹtí sọ, mo gbà á díẹ̀. Májèlé, èèyàn ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sóúnjẹ ẹlòmíì. DuPont, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Amẹ́ríkà, wá ńkọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Ohio, tí wọ́n yẹ omi ará ìlú wò ní 1984, tí wọ́n rí C8 níbẹ̀ (PFOA yẹn náà ni), tí wọ́n panu mọ́? Lẹ́nu wa, májèlé ni, àmọ́ nínú ìwé àyẹ̀wò ẹ fi sílẹ̀ o, torí kóòtù. Ní ti "test", àyẹ̀wò náà ni o, kì í ṣe ìdánwò, omi ò lọ síléèwé.

Nánógíráàmù, ẹ má wulẹ̀ túmọ̀ ẹ̀: pín gíráàmù kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ìkan nínú ẹ̀ nìyẹn. Òfin tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024 ní PFOA ò gbọdọ̀ ju nánógíráàmù 4 lọ nínú lítà omi kan. "Ppt" (parts per trillion) ló kù, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kúkúrú fún un kó mú u wá, "ìdá kan nínú tírílíọ̀nù" ti gùn jù fún ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri.