Ìjì ṣí òrùlé ládùúgbò wa l'Ákùúrẹ́: kí ni ká kọ́kọ́ fi ránṣẹ́?

Ọmọ Àkúrẹ́, Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lóru àná. Òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun bá ìjì wá, ó ṣí páànù ilé bíi mẹ́sàn-án ládùúgbò wa. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi: ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí nínú pálọ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi ojú ọ̀run, ó ń fi etí ìró nu fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Mi ò lè sùn. Mo ti kó aṣọ, ìbòra àti oògùn tá ò lò tán jọ, àpò ńlá méje ti kún. Ta ló mọ àwọn tó ń kó ẹrù lọ sílé tí kì í pẹ́?

Ìyá Ìbejì, Dublin
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tu ìyá yẹn nínú. Jọ̀ọ́, má tíì di àpò yẹn.

Nígbà tí àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St Francis l'Ọ́wọ̀ ní 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, èmi náà kó ẹrù. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta. Àwọn akẹ́rù tá a bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di oṣù mẹ́rin kí ẹrù tó kúrò ní èbúté. Owó tá a san lé e lórí ju iye ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ ti kọjá lórí púpọ̀ nínú oògùn náà, aṣọ òtútù ló sì pọ̀ jù nínú aṣọ. Mo sunkún, torí owó àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ló wọ inú rẹ̀.

Ní ti oògùn, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kó ṣì ku ó kéré tán oṣù 12 lórí èyí tá a bá fi tọrẹ nígbà tó bá dé ọ̀hún. Èyí tí wọ́n ti fún aláìsàn tó sì dá padà kò sí lára rẹ̀ rárá. Dá tìrẹ padà sí kẹ́míìsì níbẹ̀ yẹn.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Houston
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Fóònù ló ṣiṣẹ́ fún wa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti gbé àwọn tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn FMC Ọ̀wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mi ò lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ láti Texas, ṣùgbọ́n mo ní ẹbí l'Ákùúrẹ́, ibẹ̀ sí Ọ̀wọ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Àwa mẹ́rin pín orúkọ láàárín ara wa, a ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ta lára rẹ̀ le, ta ló ní mọ́tò? A fi owó epo ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, èèyàn mẹ́fà ti kọrí sọ́nà Ọ̀wọ̀.

Ẹ rántí Haiti, nígbà tí ilẹ̀ mì ní 12 oṣù kìíní 2010. Àwọn tí àjálù náà bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà 4636, Kreyòl ni wọ́n fi kọ ọ́, púpọ̀ nínú àwọn àjèjì tó wá ṣèrànwọ́ ò sì gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ Haiti tó wà lókè òkun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka ibi tí àdúgbò náà wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa náà nìyẹn: a mọ ilé, a gbọ́ èdè, iná ò sì lọ níbi tá a wà.

Ẹ̀gbọ́n, ilé mẹ́sàn-án yẹn, ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Ọmọ Àkúrẹ́, Leeds
Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi.

Bàbá Káfíńtà, Toronto
Kí wọ́n kọ ọ́ lónìí. Orúkọ onílé, iye yàrá, iye páànù tó lọ, fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Láìsí ìyẹn, ẹni tó lẹ́nu jù ni yóò gba owó.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kan òrùlé l'Ákùúrẹ́ kí n tó wá síbí. Ẹ wo fídíò yẹn dáadáa: pákó bá páànù lọ. Wọn ò dè é mọ́ ògiri, wọ́n kàn gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù ni. Bí ẹ bá ra páànù tuntun tẹ́ ẹ sì tún gbé e lé e bẹ́ẹ̀, ìjì tó ń bọ̀ á tún gbé e. Kí wọ́n gbẹ́ orí ògiri, kí wọ́n ki irin sí i, kí wọ́n fi kọnkéré dí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi irin yẹn di pákó mú. Owó irin yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù.

Tapólì ni ti alẹ́ òní. Ẹ fún ilé tó ní arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ná. Owó pákó, ẹ san án fún oní-sọ́míìlì fúnra rẹ̀, kó fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Ẹ fi owó oúnjẹ sí i, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi ọ̀wẹ̀ ṣe tó kù. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé bàbá mi.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Ẹ ṣé, bàbá. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò o. Lọ́dún 2022, èèyàn mẹ́ta ló ń gbowó lẹ́ẹ̀kan náà, títí dòní ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàárín wa. Kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ẹbí onílé kankan. Láti 2024, náírà ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí wọ́n máa san fún ẹni tó wà nílé, torí náà iye náírà tó máa dé ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ fi wé ara, ẹ má wo owó ìfiránṣẹ́ nìkan.

Ọmọ Ìlàjẹ, Hamburg
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará Àkúrẹ́. Ní Ayétòrò, tiwa kì í ṣe ti alẹ́ kan. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ń gbé ilé lórí ilé. Nínú ẹbí wa, oṣooṣù la ń dáwó, bóyá omi wọlé bóyá kò wọlé, kí màmá wa má baà dúró de ọjọ́ tá a máa gbowó oṣù kó tó kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má dá àkáǹtì yẹn dúró tẹ́ ẹ bá kan òrùlé tán.

Ọmọ Àkúrẹ́, Leeds
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti yípo. Ilé mọ́kànlá ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Méjì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ti ta tapólì sórí pálọ̀ ìyá yẹn nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ń ta àwọn ìbòra tuntun níbí, owó rẹ̀ á wọ àkáǹtì. Bàbá, irin mélòó ni ilé yàrá mẹ́ta máa gbà?